Awọ Ni Iná Jó, Ìfun Ló Mọ̀ Ọ́n Lára

Bí gáàsì bá bú gbàù nílé ìdáná, tàbí tí táńkà epo bá ṣubú lójú títì tí iná sì sọ, awọ ni gbogbo ojú máa ń sáré wò. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fọ́ ẹyin sí i, ẹlòmíràn á ní oyin ni, ẹlòmíràn á ti gbé ìgò àdín dé. Bí wọ́n bá sì gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé ṣé ojú rẹ̀ yóò bọ̀ sípò, ṣé àpá kò ní pọ̀ jù. Ìbéèrè gidi ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè rẹ̀, torí pé a kò rí i, ìyẹn ni ìfun. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀ rárá: ẹni tí iná jó púpọ̀, ìfun rẹ̀ wà nínú ewu láti wákàtí àkọ́kọ́, oúnjẹ tó bá sì gba ikùn wọlé láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní wà lára oògùn tó yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, kí wọ́n ṣètò owó rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un láìyẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fa omi sí i lára.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1842, oníṣẹ́ abẹ kan ní London, Thomas Blizard Curling, kọ̀wé nípa àwọn tí iná jó tí ọgbẹ́ sì yọ nínú wọn, níbi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ní kété tó bọ́ lára ikùn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iná náà, nígbà tí àwọn ará ilé bá ti ń dúpẹ́ pé ewu fò ó, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹ̀jẹ̀. Iná kò dé inú wọn, wọn kò sì gbé nǹkan gbígbóná mì, síbẹ̀ inú lọ́hùn-ún ló lu. Títí dòní, orúkọ Curling ni àwọn dókítà ń pe ọgbẹ́ yẹn. Ó ti wọ́n báyìí níbi tí ìtọ́jú bá ti péye, nítorí pé oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù ti wà, wọ́n sì ti ń tètè bọ́ aláìsàn. Àmọ́ ohun tí Curling rí kò ju bí ẹ̀fín tí à ń rí láti òkèèrè lọ. Iná rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀, nínú ìfun tó gùn lọ salalu.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Inú ìfun kékeré kò dán bí inú rọ́bà omi. Ó rí bíi táwẹ̀lì tuntun tí irun rẹ̀ ta jọ̀ọ̀kọ̀jọ̀kọ̀, gíga irun kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Bí a bá tẹ́ gbogbo inú ìfun sílẹ̀ pẹrẹsẹ, fífẹ̀ rẹ̀ yóò tó nǹkan bí ọgbọ̀n mítà níbùú lóròó, nígbà tí gbogbo awọ ara àgbàlagbà kò ju bíi méjì lọ. Gbogbo fífẹ̀ yẹn, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bò ó. Ní apá kan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà. Ní apá kejì, oúnjẹ wà pẹ̀lú àìmọye kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun láìṣe wá ní ibi níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró sí ààyè wọn. Ní ìdí irun wọ̀nyí ni kòtò kéékèèké wà, níbi tí wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun lójoojúmọ́. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun á máa gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú kòtò títí á fi dé orí irun, níbẹ̀ ni yóò ti bọ́ dànù. Ìrìn àjò yẹn kò ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Ẹni tó bá mọ ọjà ọrún yóò mọ bí ìyẹn ṣe yá tó: láti ọjọ́ ọjà kan sí ọjọ́ ọjà kejì, ìfun ti pààrọ̀ ẹ̀wù. Kò sí ibòmíràn nínú ara tó ń ṣiṣẹ́ ní irú eré bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tó bá sì ń lọ báyẹn kò lè fara da àìróúnjẹ àti àìrí ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wá fi iná sí i. Ká ní iná jó ẹnìkan ní apá méjèèjì àti gbogbo àyà dé ikùn. Nínú ìṣírò tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n ìjóná, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 9 nínú 100, iwájú ara sì jẹ́ 18, àpapọ̀ rẹ̀ ti di 36. Nígbà tí ìjóná bá pọ̀ tó báyẹn, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò kúrò nínú iṣan káàkiri ara, títí kan ibi tí iná kò dé rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó kù á dínkù, á sì ki. Ara á wá ṣe bíi baálé ilé tí owó oṣù rẹ̀ kò pé mọ́: á kọ́kọ́ gbọ́ ti ọpọlọ àti ti ọkàn, á ní kí ìfun ṣì ní sùúrù. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun á fún pọ̀. Orí irun ìfun sì ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dé kẹ́yìn, nítorí náà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jìyà. Ohun tó tún dun ni ni pé nígbà tí omi tí wọ́n fà sí aláìsàn lára bá gba iṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì padà dé sí ìfun, ìpadàbọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn náà a máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti rẹ̀ jẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kú? Sẹ́ẹ̀lì ní ètò ikú kan tó ti wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti gbọ́ àṣẹ, á súnkì, á gé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́, á sì kúrò lójú ọ̀nà láì da àwọn aládùúgbò rẹ̀ láàmú. Díẹ̀ nínú wọn ń kú bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníwàádìí ní Galveston, ní ìpínlẹ̀ Texas, jó awọ eku tí wọ́n ti kùn lóorun, tí wọ́n sì yẹ ìfun rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kí wákàtí 12 tó pé, iye sẹ́ẹ̀lì ìfun tó ń kú irú ikú yẹn ti lọ sókè gan-an, ìfun náà sì ti ń fúyẹ́, irun inú rẹ̀ ti kúrú. Ẹ rántí pé awọ lásán ni iná kàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù pàápàá kò dúró bó ṣe yẹ mọ́, nítorí ohun tó ń di ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì á dẹ̀, ọgbà á wá lanu.

Ọ̀nà kan wà láti rí ìlanu yẹn lára ènìyàn láìfi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n á fún un ní ṣúgà oríṣi méjì mu, ọ̀kan tí wóro rẹ̀ kéré, ìkejì tí tirẹ̀ tóbi. Kékeré máa ń rí àyè gba ara ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, á sì bá ìtọ̀ jáde; ńlá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọ̀nà kọjá bí ìfun bá le koko. Ní 1990, Edwin Deitch, oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde irú àyẹ̀wò yìí jáde lórí àwọn tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó. Kó tó di pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ dáadáa, ṣúgà ńlá ti ń pọ̀ nínú ìtọ̀ wọn ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Èyí ni mo fi ń sọ pé wákàtí ni ká máa kà, ká má ṣe ka ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹbí ṣì ń wá owó káàdì àti owó oògùn kiri, ọgbà ìfun ti ń já.

Ohun tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni àríyànjiyàn ṣì wà lé lórí, kò sì yẹ kí n fi pa mọ́. Lára ẹranko, wọ́n ti rí kòkòrò inú ìfun nínú kókó ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun lẹ́yìn ìjóná, ìyẹn kò ní iyàn nínú. Lára ènìyàn, ó ṣòro láti fi ọwọ́ sọ̀yà pé kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ti inú ìfun wá, nígbà tí egbò rẹpẹtẹ wà níta tí òun náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Èyí tí àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé ju ni pé ìfun tó ti bàjẹ́ máa ń da ohun tó ń fa ìbínú ara sínú ẹ̀jẹ̀, ìbínú yẹn sì ń dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ní 2015, àwọn oníwàádìí ní yunifásítì Loyola ní Chicago tún fi hàn pé lẹ́yìn ìjóná ńlá, àwọn kòkòrò inú ìfun fúnra wọn máa ń yí padà: ìdílé tí wọ́n ń pè ní Enterobacteriaceae, tí àwọn oníwàhálà pọ̀ nínú rẹ̀, á gbilẹ̀, àwọn tó ń ṣe wá lóore á sì dínkù. Aládùúgbò búburú pọ̀ sí i lásìkò tí ọgbà já.

Níbi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti wọlé nìyí. Sẹ́ẹ̀lì ìfun yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì yòókù ní ti pé apá ńlá nínú oúnjẹ rẹ̀ kì í ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Tààrà lára ohun tó ń ṣàn kọjá lójú rẹ̀ ló ti ń jẹ. Bí oúnjẹ bá dé, ẹ̀jẹ̀ náà á tẹ̀lé e wá sí ìfun. Bí kò bá dé, irun ìfun á máa kúrú lọ kódà lára ẹni tí iná kò jó. Ní 1984, ẹgbẹ́ oníwàádìí kan ní Cincinnati, nínú èyí tí J. Wesley Alexander wà, jó àwọn ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn kan ní wákàtí méjì péré lẹ́yìn náà, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yòókù dúró di ọjọ́ kẹta. Ìfun àwọn tó tètè jẹun wúwo ju ti àwọn tó dúró lọ, ara wọn kò sì jó agbára dànù tó ti àwọn yẹn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, David Herndon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú láti fi oúnjẹ tí wọ́n gba iṣan ẹ̀jẹ̀ fún àwọn aláìsàn kún èyí tí wọ́n ń jẹ, bóyá wọn á tètè gbádùn. Àwọn tí wọ́n fi kún tiwọn ló kú jù. Ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn fún ẹni tó rò pé ibi yòówù tí oúnjẹ bá gbà wọlé, ọ̀kan náà ni. Láti 2013, ìlànà ẹgbẹ́ onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn nílẹ̀ Yúróòpù, ESPEN, ti sọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹni tí iná jó púpọ̀ láàárín wákàtí 12, kó sì gba ikùn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ, nítorí àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó ń jẹ̀rora, tí ara rẹ̀ wú, tí oògùn ìrora ń kùn lóorun, ṣé òun náà lẹ ó tún ti oúnjẹ sí lẹ́nu? Bó bá bì í sínú ẹ̀dọ̀fóró ńkọ́? Ẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, tàbí tí èéfín ti wọ̀ lọ́nà ọ̀fun, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ohunkóhun sí i lẹ́nu nílé tàbí lójú ọ̀nà. Omi tútù tó ń ṣàn sórí ibi tó jóná fún ogún ìṣẹ́jú ni ìrànwọ́ tí ó nílò, kí wọ́n sì máa gbé e lọ. Ohun tí mò ń sọ, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn ìjóná ńlá, ikùn ló sábà máa ń sùn, ìfun kékeré kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò imú, nígbà mìíràn kí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ kọjá ikùn dé inú ìfun, tí wọ́n á gbé orí ibùsùn sókè, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó wọlé bá dúró, wọ́n á fi kún un. Bó bá padà, wọ́n á dín in kù. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ pátápátá, omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á là, nítorí oúnjẹ nínú ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ lè di wàhálà. Ìkìlọ̀ wọ̀nyí ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣe é ni. Wọn kò sọ pé kí aláìsàn gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Àtakò kejì wúwo jùyẹn lọ, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ló sì ti wá. Wọ́n ní eku àti guinea pig pọ̀ jù nínú ẹ̀rí yìí. Òótọ́ ni. Ní 2004, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn kò rí i pé títètè bọ́ni dín bí ara ṣe ń jó agbára dànù kù, bó ti rí lára ẹranko. Mo gba èyí wọlé, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé oúnjẹ àkọ́kọ́ yóò mú kí ara sinmi. Síbẹ̀, àǹfààní yẹn nìkan kọ́ ni à ń wá. Ẹni tí iná jó ju ìdá 40 awọ rẹ̀ lọ lè máa lo agbára bí ìlọ́po méjì èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ nígbà tó bá sinmi. Bí kò bá rí i jẹ, ẹran ara rẹ̀ ni yóò máa jẹ, egbò kì í sì í jinná lára ẹni tó ń jẹ ara rẹ̀. Ṣé ó wá yẹ ká dúró de ẹ̀rí mìíràn kí a tó fún un lóúnjẹ, nígbà tí kò sí ẹ̀rí kankan pé dídúró ṣe é lóore?

Ibi tí ó ti yẹ ká dúró de ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ àwọn ìyẹ̀fun olówó gọbọi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbóríyìn fún glutamine, ọ̀kan nínú àwọn èròjà pùrótéènì tí sẹ́ẹ̀lì ìfun fẹ́ràn jù lọ. Àlàyé rẹ̀ dùn létí: ìfun ló ń jìyà, ohun tí ìfun ń jẹ nìyí, ẹ fún un. Ní 2022, wọ́n tẹ ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 14 lórí aláìsàn tó lé ní 1,200 tí iná jó. Glutamine kò mú kí wọ́n tètè fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ láàyè ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n mo rò pé ó ran àwa níhìn-ín lọ́wọ́. Kò sí ẹbí kankan tó nílò láti ta ilẹ̀ nítorí agolo ìyẹ̀fun kan láti òkè òkun. Oúnjẹ gidi, tó tètè dé, tó sì pọ̀ tó, ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Pípọ̀ tó yẹn gan-an ló ń bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 180,000 ènìyàn ni iná ń pa lọ́dún, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀. A mọ tiwa. Kò sẹ́ni tó gbàgbé iná páìpù epo Abúlé Ẹ̀gbá, ní Èkó, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹbí ló ń gbé oúnjẹ wá, ògì sì ni wọ́n sábà máa ń gbé, torí òun ló fúyẹ́ tó sì rọrùn láti gba inú rọ́bà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà tó wúwo tó 60 kílò, tí iná jó púpọ̀, nílò pùrótéènì bíi 90 sí 120 gíráàmù lójúmọ́. Ẹyin kan kò fún un ní ju nǹkan bíi mẹ́fà lọ, nítorí náà 90 yẹn nìkan tó ẹyin 15. Ògì lásán kò lè sún mọ́ ọn, ìyẹn náà ló mú kí àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa fi sóyà, epa lílọ̀, ẹyin sísè, edé, mílíìkì àti òróró sí i, kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n sì fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́ kó má baà dí rọ́bà. Bó bá ti pẹ́ nílẹ̀ nínú ooru wa yìí, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n ṣe òmíràn. Ọmọ ọwọ́ tí omi gbígbóná jó, ọmú ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó bá ṣì lè mu ún.

Wọ́n á ní owó dà? Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ti kà á léèwọ̀ fún ilé ìwòsàn láti lé ẹni tó wà nínú pàjáwìrì padà, òfin àjọ ìdójútòfò ìlera Nàìjíríà, NHIA, ti 2022 sì ti sọ ìdójútòfò ìlera di dandan. Bí ìjọba bá gbà pé omi, oògùn àti iṣẹ́ abẹ wà nínú ìtọ́jú pàjáwìrì, n kò rí ìdí tí ẹ̀wà sóyà àti ẹyin ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò fi ní sí nínú rẹ̀, nígbà tí owó rẹ̀ kò tó owó oògùn apakòkòrò ọjọ́ kan fún ẹni tí kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó bá ní yàrá àwọn tí iná jó gbọ́dọ̀ ní ilé ìdáná tó mọ́ àti onímọ̀ oúnjẹ tí wọ́n lè pè lóru. Ìyẹn wọ́n owó díẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò wọ́n tó ibùsùn tí aláìsàn fi oṣù mẹ́ta gbà nítorí egbò tó kọ̀ tí kò jinná.

Ní ìdí ibùsùn ẹni tí iná jó, ìwé kan máa ń wà tí nọ́ọ̀sì ti ń kọ iye omi tí wọ́n fà sí i lára àti iye ìtọ̀ tó tọ̀, wákàtí sí wákàtí. Ìlà kan péré ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé ìwòsàn wa fi kún un: aago tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, iye tó wọlé, iye tó padà. Ẹbí tó dúró nídìí ibùsùn náà lè wò ó fúnra wọn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí ibẹ̀ ṣì ṣófo, kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ bi dókítà pé kí ló fà á.